Ìgbóná Kì í Ṣe Ooru: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Tẹ́módáínámíìkì Nínú Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Kẹ́míkà

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí omi ṣe ń hó lè bá ara rẹ̀ níbi tí yóò ti sọ irú gbólóhùn yìí: ‘Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò ní yí padà mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ooru tí ó ti wọ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i.’ Òótọ́ pọ́ńbélé ni olùkọ́ náà sọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ronú yóò béèrè bí ohun kan náà ṣe lè dúró sójú kan kí ó sì tún máa pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi kò jẹ̀bi, olùkọ́ kò sì jẹ̀bi; inú ọ̀rọ̀-ìperí ni àṣìṣe wà. ‘Ìwọ̀n ooru’ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó sì máa ń wá sí ẹnu fún iye ooru tí ó wọ inú nǹkan tàbí tí ó jáde kúrò nínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìròyìn ojú-ọjọ́ ni, kò sí ewu. Ẹni tí ó gbọ́ pé ìwọ̀n ooru ìlú Ìbàdàn yóò jẹ́ 33°C mọ ohun tí wọ́n ń sọ, yóò sì wá aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ wọ̀. Nínú ìmọ̀ tẹ́módáínámíìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣòro, nítorí pé orí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun méjèèjì ni ìmọ̀ yẹn dúró lé.

Tẹ́módáínámíìkì ni ìmọ̀ tí ó ń wádìí bí ooru ṣe ń di iṣẹ́ àti bí iṣẹ́ ṣe ń di ooru, èló nínú ọ̀kan ni ó lè di èkejì, àti ìhà tí ìyípadà máa ń kọjú sí bí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i. Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1824, nígbà tí ó ń wádìí ohun tí ó ń díwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè rí ṣe láti inú ooru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Joule wọn iye iṣẹ́ tí ó bá iye ooru kan dọ́gba, tí Rudolf Clausius àti William Thomson sì to òfin ìmọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ ní nǹkan bí 1850. Láàárín 1876 sí 1878, Josiah Willard Gibbs ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e wọ inú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjíníà tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ti ní ohun tí yóò bi léèrè kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan. Ṣé ohun tí ó fẹ́ ṣe ṣeé ṣe? Bí ó bá ṣeé ṣe, èló ni yóò rí nínú rẹ̀? Ooru mélòó ni yóò gbà, tàbí mélòó ni yóò tú jáde? Ohun kan ṣoṣo tí tẹ́módáínámíìkì kì í sọ ni bí iṣẹ́ náà yóò ṣe yá tó, ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Kí ìbéèrè wọ̀nyí tó ṣeé béèrè ní Yorùbá, ó pọn dandan kí ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ọ̀kan má ṣe máa wọ inú èkejì.

Ohun tí èdè ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀

Ohun tí ó yẹ kí ó ya àwọn olùtumọ̀ lẹ́nu ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò da ohun méjèèjì pọ̀. ‘Gbóná’ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ ipò tí nǹkan wà: omi gbóná, irin gbóná, ara ọmọ gbóná. Ó ṣeé fi wé ara: ‘irin yìí gbóná ju omi yẹn lọ.’ Ó ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, láti orí ‘tutù’ dé ‘lọ́ wọ́ọ́rọ́’ dé ‘gbóná’ títí dé ‘gbóná janjan’. Kò sí ẹni tí í béèrè pé mélòó ni gbígbóná irin kan. Bí ó ṣe gbóná tó ni wọ́n ń béèrè.

‘Ooru’ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ìrìn ni ó sì máa ń rìn nínú gbólóhùn: ooru ń mú mi, ooru ń jáde lára àdògán, ooru iná kò jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ sún mọ́ ọn. Ó ń ti ibì kan wá, ó ń lọ sí ibòmíràn, ó ń bá ẹni tí ó dúró lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ gan-an nìyẹn: ooru ni agbára tí ń ti ara ohun tí ó gbóná jù lọ sí ara ohun tí kò gbóná tó o. Ìgbóná jẹ́ ti nǹkan; ooru jẹ́ ti ọ̀nà.

Nítorí náà, ohun tí ó bójú mu ni kí ‘ìwọ̀n ìgbóná’ dúró fún ohun tí tẹ̀mómítà ń wọ̀n, kí ‘iye ooru’ sì dúró fún ohun tí wọ́n ń fi júùlù kà. Àtakò kan wà tí kò ṣeé fojú rénà. Láyé àtijọ́, ‘ìgbóná’ jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe àrùn ṣọ̀pọ̀nná, àwọn àgbàlagbà kan kì í sì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ya ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹni tí ó ni orúkọ náà ti lọ. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà bá a lọ.

Wo bí gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn yóò ti rí. Láti gbé lítà omi kan láti 25°C dé 100°C, iye ooru tí ó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 314 kilojúùlù. Síbí omi kan tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lítà lọ yóò gba nǹkan bí 3 péré, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ yóò sì jẹ́ 100°C bákan náà. Ìgbóná kan náà, iye ooru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí lítà kan yẹn bá wá ń hó títí tí ó fi gbẹ tán, yóò tún gba nǹkan bí 2,250 kilojúùlù sí i, ju ìlọ́po méje ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ tẹ̀mómítà kò ní kúrò lórí 100°C. ‘Ìwọ̀n ìgbóná omi kò yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ooru tí ó ti gbà ń pọ̀ sí i.’ Ìtakora ti tán.

Ìdí-ọ̀rọ̀ kan ṣì kù níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tún máa ń pe ohun tí ń rú jáde lẹ́nu ìkòkò tí ń hó ní ooru. Àwọn mìíràn ń pè é ní èéfín. Èéfín kò tọ̀nà, nítorí ohun tí ó jóná ni í rú èéfín. Ooru pàápàá léwu, nítorí pé nínú ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà, ohun tí ń rú yìí ni wọ́n fi ń gbé ooru láti ibì kan dé ibòmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn fi agbọ̀n gbé iṣu. Ẹni tí ó bá pe agbọ̀n ní iṣu, báwo ni yóò ṣe sọ pé iṣu kù nínú agbọ̀n? ‘Afẹ́fẹ́-omi’ ni ó yẹ: omi ni, ṣùgbọ́n ó ti di afẹ́fẹ́. Àwọn tí ń pọn ògógóró kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n mọ̀ pé bí ohun tí ń jáde láti inú àgbá ẹmu tí ń hó bá ti gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, ọtí ni yóò kán sínú ìgò, omi tútù náà ni yóò sì máa gbóná tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọtí lọ sí ọ̀nà kan, ooru lọ sí ọ̀nà kejì.

Ọ̀rọ̀ amóníà

Iṣẹ́ tí ó fi hàn jù lọ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán ni ṣíṣe amóníà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ ìgbàlódé. Náítírójìn ni nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Bí ó ti pọ̀ tó yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ irúgbìn kò lè mú un lò bẹ́ẹ̀. Àfi kí ó kọ́kọ́ dà pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dà á pọ̀ mọ́ háídírójìn nìyí:

N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃

Mólékù mẹ́rin ní apá òsì di méjì ní apá ọ̀tún, nǹkan bí 92 kilojúùlù ooru sì ń jáde fún móòlù méjì amóníà. Ìdàpọ̀ atú-ooru-jáde ni wọ́n lè pe irú èyí. Èyí tí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, tí kò lè ṣẹlẹ̀ láìgba ooru, ni afa-ooru-mọ́ra.

Ẹni tí ó ti mọ̀ láti ilé ìdáná pé bí iná bá pọ̀, oúnjẹ á tètè jinná, yóò rò pé bí àgbá bá ti gbóná tó ni amóníà yóò ti pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Bí wọ́n bá fún afẹ́fẹ́ méjèèjì pọ̀ tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ ayé, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ títí tí ìyípadà kò fi sí mọ́, ní 400°C, amóníà yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 38 nínú 100. Ní 500°C, yóò já sí nǹkan bí 18. Ní 600°C, nǹkan bí 8 ni yóò kù. Láìfún wọn pọ̀ rárá, ní 500°C, kò tó ìdá kan nínú 500.

Kí òǹkàwé wá gbé ọ̀rọ̀-ìperí àtijọ́ padà sí ibẹ̀: ‘Bí ìwọ̀n ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni amóníà ń dín kù.’ Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ìdàpọ̀ náà ń tú ooru jáde yóò rò pé iye ooru tí ó jáde ni olùkọ́ ń sọ. Yóò wá sọ fún ara rẹ̀ pé bí amóníà bá ti pọ̀ ni ooru ń pọ̀, bí ooru bá sì ti pọ̀ ni amóníà ń dín kù, yóò máa yí bírí bí ọlọ. Kò sí iye ìgbà tí olùkọ́ lè tún un sọ tí yóò yé e, àfi kí ọ̀rọ̀ náà yí padà: bí ìwọ̀n ìgbóná bá ti ga sí i ni amóníà ń dín kù, bí amóníà tí ó dà pọ̀ bá ti pọ̀ sí i ni iye ooru tí ó jáde ń pọ̀ sí i.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà yìí fi hàn bí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣe jìjàdù lórí òǹkà kékeré. Henry Le Chatelier, ẹni tí ó ti kọ òfin bí ìdàpọ̀ ṣe ń dáhùn sí ìyípadà sílẹ̀ ní 1884, dán an wò ní 1901, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà bú gbàmù, ó sì pa á tì. Ní 1904 ni Fritz Haber bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì. Ní nǹkan bí 1,000°C, láìfún afẹ́fẹ́ pọ̀, ohun tí ó rí wà láàárín ìdá 0.005 sí 0.0125 nínú 100. Walther Nernst, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí òfin tuntun kan nípa ooru, ṣírò tirẹ̀, ó sì sọ pé kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ní 1907, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú Hamburg, ó takò Haber ní gbangba. Ara ta Haber, òun àti Robert Le Rossignol sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láti tún un wọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1909 ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí ń kán amóníà sílẹ̀ láìdúró han àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ BASF. Òǹkà ni ó darí wọn. Ìṣírò tẹ́módáínámíìkì ni ó sọ fún wọn pé bí wọn kò bá lè dín ìgbóná kù púpọ̀, àfi kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nítorí pé mólékù méjì gba àyè tí ó kéré sí ti mẹ́rin.

Kí ló dé tí wọn kò fi dín ìgbóná kù sí 200°C, níbi tí amóníà yóò ti pọ̀ gidi? Ibí yìí ni tẹ́módáínámíìkì ti dákẹ́. Ó sọ ibi tí ìrìn-àjò yóò parí sí, kò sọ ọjọ́ tí ènìyàn yóò dé. Ní 200°C, ìdàpọ̀ náà lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wúlò fún ilé-iṣẹ́. Ohun tí wọ́n lò láti mú un yá ni èròjà tí ‘amúṣẹ́yá’ bá mu fún orúkọ. Haber lo ósímíọ́ọ̀mù. Alwin Mittasch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní BASF dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà wò kí wọ́n tó fẹnu kò sórí irin tí wọ́n fi ìwọ̀nba àlúmínà àti pọ́táásì sí. (Irú pọ́táásì yìí náà ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ń sẹ́ láti inú eérú èèpo kòkó.) Àwọn kan lè fẹ́ fi amúṣẹ́yá wé káún tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Àfiwé náà dára dé ibì kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀wà ti jẹ káún, nígbà tí amúṣẹ́yá kì í bá amóníà jáde. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé amúṣẹ́yá kò lè fi ohunkóhun kún òǹkà 38 tàbí 18 tí wọ́n ti dárúkọ lókè. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n tètè dé ibẹ̀ ni. Nítorí náà, 400°C sí 500°C tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò jẹ́ àdéhùn láàárín ohun tí tẹ́módáínámíìkì fẹ́ àti ohun tí aago fẹ́.

Ipò tí ìyípadà kò ti hàn mọ́ nínú àgbá nílò orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú. ‘Ìdọ́gba’ ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, òun sì ni ó yẹ kí olùtumọ̀ sá fún, nítorí yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ohun tí ó wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún ti pọ̀ bákan náà. Òǹkà 8 nínú 100 kò dọ́gba pẹ̀lú 92. Ohun tí ó dọ́gba ni ìyára: bí amóníà ṣe ń dà pọ̀ ni èyí tí ó ti wà ń tú ká, bí ọjà tí iye ènìyàn tí ń wọlé ní wákàtí kan bá iye tí ń jáde mu. Ọjà náà lè kún tàbí kí ó ṣófo. Iye tí ó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. ‘Ìdúró-déédéé’ gbé èyí yọ dáradára.

Ọgbọ́n tí ẹ́ńjíníà fi borí òǹkà kékeré náà rọrùn láti sọ. Wọn kì í dúró de ìdúró-déédéé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gba orí amúṣẹ́yá kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mú un tutù kí amóníà inú rẹ̀ lè di olómi, wọ́n á fà á kúrò, wọ́n á sì dá ìyókù padà sínú àgbá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tuntun. Carl Bosch ni ó sọ èyí di iṣẹ́ ńlá ní Oppau, níbi tí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Ìyọnu rẹ̀ kì í ṣe ti ìṣírò nìkan. Háídírójìn gbígbóná tí wọ́n fún pọ̀ ń wọ inú irin líle lọ, ó ń fa kábọ̀n inú rẹ̀ yọ, àgbá sì ń bẹ́. Ohun tí Bosch ṣe ni pé ó fi irin rírọ̀ tí kò ní kábọ̀n tẹ́ inú àgbá, ó sì lu ihò wẹ́wẹ́ sára irin líle tí ó wà lóde kí háídírójìn tí ó bá ráyè wọlé lè bá ibẹ̀ jáde.

Ooru tí ìdàpọ̀ ń tú jáde kì í ṣòfò pátá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń jáde ń kọjá nínú páìpù tí afẹ́fẹ́ tútù tí ń wọlé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ooru ń ti ara èkíní bọ́ sí ara èkejì, afẹ́fẹ́ méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún ẹ̀rọ yìí sọ ọ́ di pàṣípààrọ̀, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ fún ara wọn ní nǹkan. Òfin kejì tẹ́módáínámíìkì kò gba bẹ́ẹ̀. Ìhà kan ṣoṣo ni ooru ń lọ. ‘Ẹ̀rọ atàtaré-ooru’ sọ òótọ́ ju ‘ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ ooru’ lọ.

Ìfọ́nká, àti agbára tí kì í ṣe ọ̀fẹ́

Òfin kìíní rọrùn: agbára kì í ti òfìfo wá, kì í sì í di òfo. Kìkì ohun tí ó yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra fún ni pé ‘agbára’ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta nínú èdè ojoojúmọ́. Bí ‘ipá’ bá dúró fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, tí ‘ìyára-iṣẹ́’ sì dúró fún iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan, ‘agbára’ yóò lè jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹwà èdè ni, ‘okun’ ni ì bá dára jù, nítorí pé oúnjẹ ní í fún ènìyàn ní okun, iṣẹ́ ní í sì í gbà á. Ṣùgbọ́n ‘agbára’ ti ta gbòǹgbò.

Òfin kejì ni ó nira. Ní 1865 ni Clausius ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè Gíríìkì fún ohun tí òfin yìí ń wọ̀n, ẹ́ńtírópì. Àṣà tí ó gbilẹ̀ ni láti túmọ̀ rẹ̀ sí ìdàrúdàpọ̀, èyí tí ó mú ìjà ìgboro wá sọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n gbé sílẹ̀ tí ó tutù kò dá rúgúdù kankan sílẹ̀. Ooru rẹ̀ kàn ti fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ yàrá, kò sì sí ẹni tí ó lè kó o jọ padà láìṣe iṣẹ́ mìíràn. ‘Ìfọ́nká agbára’ ni àlàyé tí ó súnmọ́ òótọ́ jù. Níwọ̀n ìgbà tí Clausius fúnra rẹ̀ lọ yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè Gíríìkì, kò sí ìtìjú nínú kí Yorùbá yá ‘ẹ́ńtírópì’ lò, kí ‘ìfọ́nká agbára’ sì máa tẹ̀lé e títí tí yóò fi mọ́ni lára.

Ìfọ́nká yìí ni ó ṣàlàyé ìdí tí ìgbóná fi ń lé amóníà sẹ́yìn. Mólékù mẹ́rin tí ó di méjì ti kó ara jọ. Ìfọ́nká tiwọn ti dín kù. Ohun tí ó ń san gbèsè náà ni ooru tí ó tú jáde sí àyíká. Níbi tí kò gbóná púpọ̀, ooru yẹn ń fi kún ìfọ́nká àyíká lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì tó gbèsè san. Níbi tí ó ti gbóná gan-an, iye ooru kan náà kò já mọ́ nǹkan púpọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bu omi síbí kan sínú odò. Bí kò bá sí ìfúnpọ̀, ìgbóná tí ọ̀ràn ti ń yí padà kò jìnnà sí 200°C.

Gibbs ni ó so ohun méjèèjì pọ̀ sínú òǹkà kan ṣoṣo, èyí tí ń sọ iye agbára tí ó kù tí ó ṣeé fi ṣe iṣẹ́ nígbà tí ìfọ́nká bá ti gba tirẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tí ó tún lè túmọ̀ sí ‘láìsanwó’ pè é. Ẹni tí ó bá tìtorí ìyẹn kọ ‘agbára ọ̀fẹ́’ ti sọ òdìkejì ohun tí gbogbo ìmọ̀ náà ń kọ́ni, pé kò sí ohunkóhun tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. ‘Agbára òmìnira’ kò sàn jù ú lọ. ‘Agbára-fún-iṣẹ́’ kò lẹ́wà létí, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń kan owó. Láti ṣe tọ́ọ̀nù amóníà kan láti inú gáàsì tí ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá, tẹ́módáínámíìkì sọ pé kò lè gba agbára tí ó kéré sí nǹkan bí 20 gigajúùlù. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ ń ná nǹkan bí 28. Ìyàtọ̀ mẹ́jọ yẹn ni ó fọ́n ká, òun sì ni àwọn ẹ́ńjíníà ń lé kiri láti ara ẹ̀rọ atàtaré-ooru kan dé òmíràn. Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ilé mọ́: ní 2022 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yùríà lọ́dún. Láti inú amóníà ni yùríà ti ń jáde.

Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò bá amóníà pàdé. Ìwé tí yóò gbé ẹ̀kọ́ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni yóò pàdé rẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ tí ìwé bẹ́ẹ̀ yóò nílò, èyí tí ó ṣì ń jà jù ni ti ohun tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú àgbá. Àwọn kan ń lo ‘ìfúnpá’ fún ti ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dúró níbẹ̀. Nínú àgbá Bosch, kò sí apá tí ẹnikẹ́ni ń fún. ‘Ìfúnpọ̀’ ni ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ‘ìfúnpọ̀’ tún ń sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe sí afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú àgbá, iṣẹ́ àti òǹkà tí ó ti ibẹ̀ jáde sì tún ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí ‘ìfúnpọ̀’ bá jẹ́ ti iṣẹ́ náà, ‘ìwọ̀n ìfúnpọ̀’ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ti òǹkà, gẹ́gẹ́ bí ‘ìgbóná’ àti ‘ìwọ̀n ìgbóná’ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn.